Àkísà Àgbà: Bí Mo Ṣe Kó Ẹrù Jáde Nílé Bàbá Àgbà, Tí Mo Tún Kó O Padà

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi kó ẹrù jáde nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi kó wọn padà. Àárín ìgbà méjèèjì yẹn ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa ṣíṣe ilé àtijọ́ lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì san owó ẹ̀kọ́ náà pé.

Kì í ṣe ààfin o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹfun ìkọ́lé (lime) àti yanrìn ni wọ́n fi rẹ́ ògiri rẹ̀, pákó sì ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ òkè. Ìran mẹ́ta ti gbé inú rẹ̀ kí àwọn ọmọ tèmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri níbẹ̀, kò sì sí ìran kan tó wọlé lọ́wọ́ òfo. Bàbá Àgbà ló ni tábìlì gígùn tó gba ènìyàn mẹ́wàá. Ìyá Àgbà ló gbé dígí ńlá tó ń yọ àmì dúdú dúdú lójú wá. Ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn ohun ìgbàlódé, ìyẹn ìgbàlódé ti nǹkan bí ọdún 1960: àga onírin mẹ́fà tí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bíi ti lékèélékèé, àti rédíògíráàmù kan tó tóbi tó àpótí aṣọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, pẹ̀lú ṣòfà pupa fòò kan tí kò bá ohunkóhun mu láyé yìí.

Nígbà tó kàn mí láti máa gbé ibẹ̀, wúruwùru ni gbogbo rẹ̀ rí lójú mi. Mo ti wo àwòrán ilé lórí fóònù títí tó fi jẹ́ pé ògiri funfun, àga aláwọ̀ eérú àti ewéko kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ yàrá nìkan ni mo mọ̀ sí ẹwà. Mo pe àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, a kó gbogbo ẹrù sí gàréèjì, mo sì ra pẹ́ńtì funfun. Lọ́jọ́ kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Ó dúró sáàárín pálọ̀ tó ti ń dáhùn bí kànga.

Ó ní, “Ṣé ò ń kó lọ ni?”

Mo ní, “Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń tún un ṣe ni.”

Ó ní, “Mo gbọ́.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé nígbà tó bá dákẹ́ báyẹn, ó ti bá ènìyàn wí tán.

Ògiri ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Kò pé oṣù márùn-ún tí pẹ́ńtì funfun báláú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara tí omi gbígbóná jó. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, ìyẹ̀fun funfun dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Akunlé ní kí n jẹ́ kí òun tún un kùn. A tún un kùn, ó tún wú. Bíríkìlà àgbà kan ló wá là mí lójú. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun rẹ́ máa ń mí ni. Ọ̀rinrin tó bá gba ìpìlẹ̀ tàbí ara bíríkì wọlé, ara ẹfun yẹn náà ló ń gbà jáde, díẹ̀ díẹ̀, láìpariwo. Pẹ́ńtì oníke tí mo fi bò ó ti dí i nímú. Símẹ́ǹtì tí àwọn mìíràn fi ń lẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀ tún burú jù ú lọ, nítorí ó máa ń le ju bíríkì àtijọ́ lọ. Bí nǹkan bá fẹ́ já, bíríkì ló ń já, símẹ́ǹtì á dúró gbọn-in. Ọ̀dà ẹfun ni ògiri bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, tàbí ọ̀dà mìíràn tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin kọjá. Bó ṣe di pé mo ní láti ha ohun tí mo fọwọ́ ara mi sanwó rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ha ohunkóhun nínú ilé tó pẹ́, ẹ dúró ná. Òjé ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dà láyé ọjọ́un kó lè bo ògiri dáadáa kó sì pẹ́. Láti 1921 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe àdéhùn láti dín lílo òjé funfun nínú ilé kíkùn kù, síbẹ̀ 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Ọ̀dà tó bá dàgbà jùyẹn lọ, ẹ fura sí i, torí eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mo fi èérún tèmi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nínú ìpele mẹ́fà tó wà lórí ògiri, mẹ́ta ló ní òjé. Kíá ni sáńpépà gbígbẹ àti iná tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà di èèwọ̀ nílé wa. Omi la fi ń rẹ ẹ́ kí a tó ha á, a wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, àwọn ọmọ sì lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Ilé tó bá ju tiwa lọ lọ́jọ́ orí tún ní wàhálà tiẹ̀. Àwọ̀ ewé tí onímọ̀ kẹ́míkà Carl Wilhelm Scheele ṣe ní 1775, májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic, àti bàbà, ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi tẹ bébà ògiri rẹpẹtẹ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá bá bébà aláwọ̀ ewé ayé ìgbà náà pàdé, ẹ má fi èékánná ṣí i wò.)

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ojú kò ti tó, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú abẹ kékeré, mo rẹ ògiri díẹ̀, mo sì ṣí ojú fèrèsé kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni mo jẹ́ kó ṣẹ́kù ní etí kan, tó fi dà bí àtẹ̀gùn. Funfun tèmi ló wà lókè pátápátá. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ wàrà tí gbogbo wa mọ̀ pálọ̀ náà sí. Lẹ́yìn náà ni búlúù kan yọ, ó jinlẹ̀ bí aró tó mu dáadáa. Lẹ́yìn búlúù, àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Lẹ́yìn ìyẹn, pupa rúsúrúsú bí amọ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ẹfun lásán, irun burọ́ọ̀ṣì kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, dúdú, kò gùn ju èékánná mi lọ. Ẹnì kan ló kùn ún lọ́jọ́ tí ilé ṣì jẹ́ tuntun, irun náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Búlúù yìí. Ọdún tí wọ́n bí ọ ni Màmá kùn ún. Bàbá ní ó ti dúdú jù.” Èmi tí mo ti ń bú àwọ̀ wàrà yẹn láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀ pé ilé náà ti fi ìgbà kan jẹ́ búlúù rí. Búlúù yẹn náà la padà sí, ẹfun la sì po ó mọ́. Ojú fèrèsé kékeré yẹn ṣì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù títí di òní. Àlejò tó bá bi mí pé kí ló wà nínú ilé yìí, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń mú un lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo rí i pé ìjà tí mo rò pé èmi nìkan ń jà ti pẹ́. Ní 1877, William Morris, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú òyìnbó láti dáàbò bo ilé àtijọ́. Orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà ni, ká sọ ọ́ lédè tiwa, Ẹgbẹ́ Má-Ha-Á, nítorí pé àwọn ayàwòrán ilé ìgbà náà ń ha ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ títí dé òkúta kó lè jọ ìgbà kan tí wọ́n rò lọ́kàn. Ní 1964 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ilé àtijọ́ péjọ sí Venice ní Ítálì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn pé ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá fi kún ilé yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un, pé kí ilé jẹ́ ti àṣà kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tí a ń wá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo gàréèjì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gbogbo àkísà tí ẹbí mi ní, èmi ni mo dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọlé, níkọ̀ọ̀kan.

Ti tábìlì Bàbá Àgbà ló dùn mí jù, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Kí n tó gbọ́n, mo ti gbé e fún káfínńtà pé kó ha gbogbo ojú rẹ̀ kó sì fi fáńníìsì dídán kùn ún. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Tábìlì náà padà wálé, ó ń dán yanran bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àbàwọ́n yíńkì tó wà láàárín ti lọ. Àmì roboto funfun tí ife gbígbóná fi sílẹ̀ ti lọ. Ní etí rẹ̀, lápá ibi tí bàbá mi máa ń jókòó kàwé ní kékeré, wọ́n ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn. Mo mọ ibẹ̀ láìwò. Mo máa ń fi ìka tọ́ ọ bí a bá jókòó. Òun náà ti lọ. Ẹ̀yìn tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo gbọ́ pé shellac ni wọ́n fi ń pa irú igi bẹ́ẹ̀ lára láyé àtijọ́, oje tí kòkòrò kan ń ṣe lára igi, tó sì ń yọ́ bí sípíríìtì bá kàn án. Bí ẹ bá kán sípíríìtì díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tí kò hàn, tí ibẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, shellac ni. Ẹni tó mọṣẹ́ lè jí i padà láìfọwọ́ kan igi gan-an. Wákàtí méjì ìbéèrè ni ì bá gba lẹ́tà yẹn là.

Àga ìjókòó ńlá Bàbá Àgbà ni mo fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wá obìnrin kan tó ń tún aṣọ àga rán, mo sì jókòó tì í bó ṣe ń tú u. Ráṣínì pupa dúdú ló kọ́kọ́ bọ́. Mo mọ ìyẹn, òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan. Abẹ́ rẹ̀ ni aṣọ òwú olódòdó kan, abẹ́ ìyẹn ni aṣọ onílà funfun àti àwọ̀ eérú, abẹ́ gbogbo rẹ̀ sì ni fẹ́lífẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó ti pá níbi tí apá ń gbé lé, tó ṣì mọ́ rekete lábẹ́ ìránpọ̀. Irun ẹṣin ni wọ́n fi kún inú. Mo ní ká dà á nù ká fi fóòmù sí i. Obìnrin náà wò mí. Ó ní irun ẹṣin tí a bá fọ̀ tí a sì gbọ̀n kò ní kọ iṣẹ́, pé fóòmù ni yóò wọ́ kí àwọn ọmọ mi tó ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi inú àga náà, ẹni tó kọ́kọ́ rán an ti fi pẹ́ńsùlù kọ 1934 síbẹ̀. A fi aṣọ aláwọ̀ ewé tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ bò ó, a gé díẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpòòwé, a sì kan án mọ́ abẹ́ ìjókòó. Obìnrin náà gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó kọ ọdún tiwa sí ìsàlẹ̀ ti 1934.

Bí a ṣe ń to nǹkan tó yàtọ̀ síra kó má di ọjà? Josef Frank, ayàwòrán ilé ará Austria, dábàá ní 1958 pé kí àyíká wa dà bí ẹni pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ìṣèèṣì tèmi gba ìgbìyànjú mọ́kànlá. Ohun tó yọ mí nínú wàhálà ni ṣòfà pupa Àǹtí. Gbogbo ibi tí mo gbé e sí ló ti ń pariwo. Lọ́jọ́ kan ni mo ṣàdédé tẹ́ rọ́ọ̀gì tó ní fọ́nrán pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé àtùpà tí ìborí rẹ̀ pupa sí òdìkejì yàrá. Nígbà tí pupa di mẹ́ta, ṣòfà náà dákẹ́. Láti ìgbà náà, àwọ̀ kan tó bá le, mo máa ń wá ẹnì kejì àti ẹnì kẹta fún un. Ohun tó wúwo, mo máa ń fún un ní ohun fífúyẹ́: àga ẹlẹ́sẹ̀ lékèélékèé bàbá mi ló yí tábìlì Bàbá Àgbà ká báyìí, wọ́n sì bá ara wọn mu ju bí bàbá àti ọmọ ṣe bá ara wọn mu nígbà ayé wọn lọ.

Ògiri tó bá kún, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọjú sí i ṣófo. Mo mọ̀ pé Sir John Soane kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ayàwòrán ilé yẹn kún ilé rẹ̀ ní London títí dé òrùlé, ó wá gba òfin lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1833 pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́yìn ikú òun. Nínú yàrá kékeré kan níbẹ̀, ògiri ní ìlẹ̀kùn; bí wọ́n bá ṣí i, àwòrán tún wà lẹ́yìn àwòrán. Mo gbìyànjú irú rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi fọ́tò ẹbí kún inú rẹ̀. Ó dára. Ní gbogbo ilé, òun nìkan ṣoṣo ni mo fi ṣe àrà.

Iná ló kù, n kò sì mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Gílóòbù funfun kan ṣoṣo láàárín àjà ń sọ gbogbo nǹkan di pẹrẹsẹ bí ilé oògùn. Mo pa á. Àtùpà márùn-ún kéékèèké ló wà ní pálọ̀ báyìí, kò sí èyí tó ju 2700 kelvin lọ, ìyẹn àwọ̀ iná tó sún mọ́ ti àtùpà àtijọ́, wọ́n sì wà ní gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí kò dé ló ń jẹ́ kí ènìyàn rí ìpele. Oòrùn ẹ̀wẹ̀, ọ̀tá aṣọ ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ju 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ lórí aṣọ àtijọ́. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000. Ohun tó bá ti ṣá, kò sí àtúnṣe. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi sójú fèrèsé apá ìwọ̀ oòrùn, a sì máa ń yí rọ́ọ̀gì po.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi rọ́ọ̀gì kékeré Ìyá Àgbà ṣe mí yẹ̀yẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ irun àgùntàn ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí n dì í sínú ọ̀rá kí n sì gbé e sínú fírísà, ní ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ mi sọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn pé rọ́ọ̀gì ń sùn nínú fírísà wa. Ó ṣiṣẹ́ o. Dígí Ìyá Àgbà náà, díẹ̀ ló kù kí n fún ẹni tí yóò fi fàdákà tuntun pa á lẹ́yìn. Kí onímọ̀ kẹ́míkà Justus von Liebig tó wá ọ̀nà fàdákà rí ní 1835, tánganran àti mákúrì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn dígí, ó sì pẹ́ kí mákúrì, tó jẹ́ májèlé, tó kúrò pátápátá lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́. N kò mọ ọjọ́ orí dígí wa, torí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì dúdú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ojú gbogbo wa ń dàgbà díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ọ̀ṣọ́ kankan ni pé ẹrù ilé ẹbí, ẹrù gbogbo ẹbí ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti gbé aago ògiri lọ nígbà tí ẹrù wà ní gàréèjì. Ó ní òun rò pé a kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò jẹ̀bi. Mo wá ra ìwé kan, mo ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan, mo kọ ẹni tó ni ín, ìgbà tó wọlé àti ẹni tó sọ fún mi. Ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, méjì nínú wọn kò sì sí mọ́.

Ohun tuntun ń wọlé pẹ̀lú. Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé tó wà lẹ́yìn àga Bàbá Àgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣe é lọ́dún tó kọjá, mo sì kọ̀ fún un láti sọ ọ́ di arúgbó tipátipá. Pákó funfun ni, ìṣó rẹ̀ hàn, kò purọ́ ọjọ́ orí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó fẹ́ kó sí ilé kékeré, ó sì fẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù dígí rẹ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, èyí tó rà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí wúrà àfàwọ̀ṣe yí etí rẹ̀ ká, tí òdòdó sì wà lójú dígí rẹ̀. Mo ti ń fi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ṣẹ̀fẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ilé ìwé. Mo ní kí ó máa gbé e bọ̀, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Mo wọn ẹnu ọ̀nà: sẹ̀ǹtímítà 84. Mo ní kí òun náà wọn kọ́bọ́ọ̀dù: 91, kò sì ṣe é tú.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí n lọ wọn fèrèsé.